Ooru Àgbàlá Àlájì Gàní

Ìyá arúgbó kan ni ọmọbìnrin náà pọ̀n. Ó fi aṣọ gbà á mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pọn ọmọ oṣù mẹ́fà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán la àgbàlá kọjá ní agogo méjì ọ̀sán, nínú oṣù kẹta, ní Zongo, ní Parakou. Nàjíbù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òṣùwọ̀n ooru lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í bọ ilẹ̀ níta ni. Digirì mọ́kànléláàádọ́ta ló kà. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Kò sáré. Kò tilẹ̀ yára.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ ra àlùbọ́sà, iwájú ni ṣọ́ọ̀bù wà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Bí ẹ ò bá fẹ́ rà, ẹ yà fún wa. Ẹrù yìí wúwo."

"Ta lò ń pè ní ẹrù?" Ohùn náà ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá Àgbà."

"Kò burú. Ọjọ́ tí mo bá fúyẹ́ ni kí o bẹ̀rù."

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un. Ìgbà náà ló tó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè, ó wò ó, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ìyá arúgbó náà nàka sí Nàjíbù. "Kí ni ìyẹn lọ́wọ́ rẹ?"

"Òṣùwọ̀n ooru ni, Ìyá."

"Dókítà ni ọ́?"

"Dókítà ilẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí ló ń ṣe ilẹ̀?"

"Ibà."

Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àlejò náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹni tó bá mú ìyá àgbà mi rẹ́rìn-ín lágogo méjì ọ̀sán," ó ní, "ẹni náà lè jókòó."

Bẹ́ẹ̀ ni Nàjíbù, ọmọ Ṣábẹ̀, ṣe kọ́kọ́ jókòó nílé Àlájì Gàní.

Àlájì Gàní ń ta àlùbọ́sà. Ọkọ̀ ń kó o wá fún un láti Màlánfíìlì. Àràmọ́tù, ìyá arúgbó náà, ló bí i. Lùbàbà, ọmọbìnrin tó pọ̀n ọ́n, ni àbíkẹ́yìn Àlájì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun ló sì ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù. Nàjíbù fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Ó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì, ó sì ń wá àgbàlá tí wọn kò tíì fi símẹ́ǹtì bò. Irú rẹ̀ ti ń wọ́n nílùú.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Lùbàbà bi í.

"Mo fẹ́ ri ọ̀pá òṣùwọ̀n mẹ́rin mọ́lẹ̀. Ọ̀kan á wọlẹ̀ níwọ̀n ìka kan, ọ̀kan níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀kan níwọ̀n ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n á máa sọ bí ooru ṣe ń rìn."

"Ooru ń rìn?"

"Ó ń rìn. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ ń gbé e mì. Bí oòrùn bá wọ̀, ilẹ̀ á máa bì í padà sínú afẹ́fẹ́. Èmi náà ń mọ ilẹ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni mo fi ń mọ ọ́. Mo fẹ́ kí ooru máa rìn nínú rẹ̀ bí ó ṣe ń rìn nínú èyí. Bí méjèèjì bá bára mu, mo lè bi tèmi léèrè ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí tiyín."

Ìyá Àgbà mi orí. "Ìkòkò ni. Èèyàn sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná, ó ṣì ń hó."

"Ìyá, ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ohun tí ẹ sọ yẹn."

"Wọn kì í dáná nílé yín ni?"

Lùbàbà rẹ́rìn-ín wàyí.

Àlájì gbà nítorí ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ràn àlejò náà. Wọ́n ri ọ̀pá mẹ́rin mọ́lẹ̀, ìrìn mẹ́wàá sí igi. Nàjíbù fi ìwé kan sílẹ̀. Lùbàbà gbà láti máa ka ọ̀pá lágogo méjì àti lágogo mẹ́fà, kí ó sì máa kọ ọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, Nàjíbù á wá wo ìwé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bá ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. *Agogo méjì: mẹ́tàlélógójì. Ìyá Àgbà ní ṣé dókítà ilẹ̀ ti kú ni?*

Ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: *Ó wà láàyè. Iṣẹ́ ló pọ̀.*

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rí èyí: *Agogo mẹ́fà: méjìdínlógójì. Ẹni tó wà láàyè a máa jẹun. Ọbẹ̀ ẹ̀pà wà ní Jímọ̀ọ́.*

Ó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀pà náà. Kò fẹ́ràn ẹ̀pà láti kékeré. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lá abọ́.

Nínú oṣù keje, ó ṣí ìwé, ó sì dúró lórí ìlà kan.

"Lùbàbà, o kò ka ti ọjọ́ kẹjọ yìí."

"Mo kà á."

"Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ tó mu omi kì í gbóná tó báyìí. Oòrùn á kọ́kọ́ jà pẹ̀lú omi ná, kí ooru tó ráyè wọlẹ̀. O wo ti ọjọ́ keje, o sì fi díẹ̀ kún un."

Ojú tì í. Ó fi ìborí bo ẹnu, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Mo lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ ní Titirou. Ṣé ẹ ó nà mí ni?"

"Rárá. Ohun tó o kò bá rí, má kọ ọ́. Fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

"Èyí tí mo bá rí ńkọ́?"

"Kọ ọ́. Ì báà má dára."

"Ìwọ náà?"

"Èmi náà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ. Nàjíbù gbọ́ ọ dáadáa. Òjò pa á títí ó fi dé ilé rẹ̀ ní Albarika, kò sì yà sábẹ́ òrùlé kankan.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó bi í pé bí òun bá rán àgbà wá ńkọ́. Lùbàbà ń to àlùbọ́sà lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè.

"Láti oṣù kẹta ni mo ti ń jókòó sínú oòrùn ní agogo méjì," ó ní. "Ṣé o rò pé nítorí ọ̀pá ni?"

Bàbá Nàjíbù ti kú. Ajíbóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, ni alárinà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ọkùnrin náà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ àṣà bí ó ti mọ ojú irin. Kí wọ́n tó wọ ilé Àlájì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dá Nàjíbù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbọ́. Ẹni tó ń wá ìyàwó kì í bá àna jiyàn. Bí bàbá ìyàwó bá ní kannakánná funfun láti orí dé ìrù, ìwọ ní àfi bí ẹfun. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ ìgbéyàwó kí kannakánná tó dúdú."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Wọ́n gba obì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi yìgì sí oṣù méjì lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Ìyá Àgbà ní òun á jó lọ́jọ́ náà. Lùbàbà ní ẹ̀yìn òun ló máa ti jó.

Ohun tó ba ètò náà jẹ́ kò le láti sọ.

Àlájì Gàní fẹ́ fi símẹ́ǹtì bo àgbàlá. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Kútọnu àti láti Ìlọrin, kò sì fẹ́ kí wọ́n jókòó sórí erùpẹ̀. Ó fẹ́ gé dóńgóyárò, nítorí ewé rẹ̀ ń dí ojú omi òrùlé. Ó ń sọ ọ́ kiri ọjà tayọ̀tayọ̀. Lùbàbà sọ ọ́ fún Nàjíbù pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, nítorí igi náà.

Nàjíbù lọ sílé. Ó ní ilẹ̀ àgbàlá náà nínú kọ̀ǹpútà, oṣù mọ́kànlá ìwé ọwọ́ Lùbàbà ni ó fi mọ ọ́. Ó mú igi kúrò níbẹ̀. Ó fi símẹ́ǹtì lé e. Ó fi oòrùn oṣù kẹrin sí i. Ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn jáde ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì. Tí oòrùn bá wọ̀, àgbàlá á fi digirì mẹ́sàn-án gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò ní tutù tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá á fi digirì mẹ́rin jù. Yàrá kan ṣoṣo ló kọjú síbẹ̀. Ti Ìyá Àgbà ni.

Ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yí padà. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sápò.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Ajíbóyè lọ kí Àlájì. Gbogbo wọn jókòó sábẹ́ igi. Ìyá Àgbà wà lórí ẹní rẹ̀.

"Ìyá mi ò ní jókòó sórí erùpẹ̀ mọ́ láéláé," ni Àlájì wí.

"Mo ti ń jókòó sórí rẹ̀ kí n tó bí ẹ," ni ìyá náà dáhùn. "Kò bú mi rí."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Àlájì náà rẹ́rìn-ín. Ó yí sí Nàjíbù. "Ìwọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ mi láti èṣí. Kí lo rí sí i?"

Ajíbóyè fi orúnkún kan orúnkún rẹ̀. Bébà náà wà nínú àpò agbádá rẹ̀. Nàjíbù rí Lùbàbà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ìborí rẹ̀ pupa.

"Bí ẹ ti wí ni, Bàbá," ó ní.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni Àlájì wí.

Àwọn bíríkìlà dé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Wọ́n gé igi náà kí wọ́n tó jẹun òwúrọ̀. Wọ́n fi ihò sílẹ̀ fún ọ̀pá mẹ́rin, nítorí Lùbàbà dúró tì wọ́n. Nígbà tí símẹ́ǹtì gbẹ, ó dán. Àwọn ará àdúgbò wá wò ó.

Nàjíbù sọ fún ara rẹ̀ pé oṣù mẹ́ta péré ló kù. Bí òun bá ti di ọmọ ilé, òun á sọ ọ́. Á rọrùn nígbà náà. Wọ́n á gbin igi mìíràn. Bí èèyàn bá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò já a ní koro.

Lùbàbà ń kọ nọ́ńbà nìṣó. Nọ́ńbà agogo mẹ́fà ń ga sí i. Ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan pé: *Èyí pọ̀. Ṣé kò burú?* Nàjíbù kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ká máa wò ó.*

Ààwẹ̀ wá, ó lọ. Oṣù kẹrin wọlé. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni lílọ. Ìyá Àgbà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ó ní omi kò dùn lẹ́nu òun. Wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sínú yàrá, nítorí kò sí ibòji níta mọ́.

Ní ọjọ́ kan, Lùbàbà lọ jí i fún ìrun òwúrọ̀. Kò jí. Wọ́n ní ara rẹ̀ pẹ́ kó tó tutù.

Wọ́n sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Nàjíbù wà lára àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ibojì láti gbà á. Ó fi ọwọ́ kan ògiri ibojì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ó mọ ìdí rẹ̀: ooru ọ̀sán kì í rìn dé ibẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ sórí ilẹ̀ tútù náà jẹ́jẹ́. Kò fúyẹ́ rárá.

Àwọn èèyàn ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó. Wọ́n ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n ní ooru ọdún yìí kọjá sísọ. Gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Wọ́n sún yìgì síwájú di ẹ̀yìn àdúà ogójì ọjọ́.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Lùbàbà pè é sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé náà wà lórí àpò àlùbọ́sà. Ojú rẹ̀ ti wú. Kò ní kó jókòó.

"Ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà rẹ," ó ní. "O ní o lè bi í léèrè ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé o bi í léèrè èyí?"

Ó lè purọ́. Irọ́ náà kò gùn, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé náà.

"Mo bi í."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì."

Lùbàbà ń fi ìka ka ọjọ́. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni bíríkìlà dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá mi bi ọ́ lójú mi. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ń rẹ́rìn-ín sí ọ."

Nàjíbù yọ bébà náà lápò. Ó ti gbó létí. Ó fi í lé e lọ́wọ́. Lùbàbà kà á tán, ó ká a bí ó ti wà, ó sì dá a padà fún un.

"Mo bi ọ́ nínú ìwé. Mo ní ṣé kò burú. O ní ká máa wò ó." Ohùn rẹ̀ kò ga. "A wò ó."

"Mo bẹ̀rù pé wọn ò ní fi ọ́ fún mi."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí. Èmi ni wọ́n fi dí ọ lẹ́nu, n kò sì mọ̀."

Ẹnì kan wá ra àlùbọ́sà. Ó tà á fún un. Ó fún un ní ṣéńjì. Ó padà wá.

"Lọ sọ fún bàbá mi. Má rán ẹnikẹ́ni."

"Wọ́n á lé mi."

"Ó ṣeé ṣe."

"Tí mi ò bá sọ ńkọ́?"

"Nígbà náà, wọ́n á fi mí fún ọ," Lùbàbà wí. "N kò sì ní wá."

Ajíbóyè gbìyànjú láti dá a dúró. Ó bínú, ó sì bẹ̀ ẹ́. "Òkú kì í gbọ́ òótọ́ kó jíǹde. Ta ni yóò ṣe láǹfààní?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Èmi ni mo ní kó o dákẹ́. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, tèmi ni."

"Ẹ ò rí bébà náà, Bàbá. Èmi nìkan ló rí i."

Ọkùnrin àgbà náà jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ àdúà ogójì, nígbà tí àwọn lèmọ́mù ti lọ, Nàjíbù bá Àlájì Gàní nínú àgbàlá. Ó jókòó sórí àga nínú ibòji tín-ín-rín tí ògiri ṣe. Símẹ́ǹtì ń tàn yòò. Nàjíbù dọ̀bálẹ̀ lórí rẹ̀. Ó jó o láyà. Kò dìde títí ó fi sọ ọ́ tán.

Àlájì na ọwọ́. Ó gba bébà náà. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì mọ̀ ọ́n kà.

"Kà á fún mi."

Nàjíbù kà á. Ó ń yí i sí Yorùbá bí ó ti ń lọ.

"Ìlà pupa yìí ńkọ́?"

"Yàrá Ìyá Àgbà ni, Bàbá."

Àlájì fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń tọ ọ̀nà tí kò rìn rí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi pè mí," ó ní. "Ó ní, Gàní, ilẹ̀ yìí ń jó mi. Mo ní, Ìyá, símẹ́ǹtì tuntun ni, á tutù. Gbogbo ọjà ti wá wò ó. Ojú tì mí láti sọ pé mo ṣì í ṣe."

Ó fi bébà náà sápò ara rẹ̀.

"Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mo máa bínú. Mo lè lé ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní gé igi náà. Mo mọ ara mi. Mi ò ní gé e."

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá."

"Jáde nílé mi."

Ó jáde. Lùbàbà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rí i tó ń kọjá. Kò pè é, kò sì yí ojú kúrò lára rẹ̀.

Oṣù kan kọjá. Nàjíbù ń lọ sí yunifásítì, ó ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ yin iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ìlà inú kọ̀ǹpútà àti ìlà inú àgbàlá bára mu débi pé ó yà wọ́n lẹ́nu. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó jáde síta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, Ajíbóyè wá pè é. Wọ́n ní Àlájì ń béèrè rẹ̀. Wọn kò sọ ìdí.

Ó gun alùpùpù sẹ́míjàn dé Zongo. Kí ó tó wọlé ló ti ń gbọ́ ìró òòlù. Àlájì Gàní, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, bọ́ sí ṣòkòtò nìkan, ó ń fi òòlù ńlá fọ́ àgbàlá rẹ̀. Ó ti fọ́ ibi tó tó ẹní méjì. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó rí Nàjíbù. Kò kí i. Ó fi ẹnu júwe òòlù kejì tó fara ti ògiri.

Wọ́n fọ́ ọ títí di ìrun ọ̀sán. Nàjíbù padà wá ní ọjọ́ kejì, láìjẹ́ pé wọ́n ní kó wá. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n kan erùpẹ̀ níbi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Àlájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ lé e.

"Ó ṣì gbóná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìgbà wo ni á tutù?"

"Ti òkè á tutù lọ́la, bí òjò bá rọ̀. Ti ìsàlẹ̀ kì í yá. Ooru tó ti wọ ìsàlẹ̀ a máa lo oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó jáde."

Àlájì dìde pẹ̀lú ìnira. Ó nu òógùn ojú rẹ̀.

"Èmi náà rí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Wá ní oṣù kẹsàn-án. Ìwọ àti Ajíbóyè. Mi ò ní pa àgọ́, mi ò ní pe Ìlọrin. Kí o má sì ní 'bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá' mọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀rọ̀ kan. Ó ti sú mi."

"Òdì lẹ di òòlù yẹn mú, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ yín fi bó."

Àlájì wò ó. Ó wo òòlù. Ó yí ọwọ́ padà.

Lùbàbà gbé omi jáde. Ó fún bàbá rẹ̀ mu, bàbá rẹ̀ sì wọlé lọ. Ó fún Nàjíbù ní ìyókù. Wọ́n dúró láàárín àwókù símẹ́ǹtì. Lùbàbà ti rù.

"O sọ ọ́," ó ní.

"Ó pẹ́ jù."

"Ó pẹ́ jù. Mi ò ní sọ pé kò pẹ́ jù. Mi ò sì ní gbàgbé." Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. "Bí mo bá ń ṣe ohun tí kò dára, tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣé wàá sọ?"

"Màá sọ."

"Tí mo bá bínú?"

"Màá sọ, màá sì dúró kó o bínú."

"Inú mi máa ń bí gan-an, Nàjíbù."

"Mo ti gbọ́. Gbogbo Zongo ló mọ̀."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò tíì tó àkókò. Ó gbé ife wọlé.

Wọ́n so yìgì náà ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Èèyàn kò ju ogún lọ. Òjò ti rọ̀ ní àárọ̀, ilẹ̀ àgbàlá náà sì rọ̀ lábẹ́ ẹní. Kò sí ẹni tó jó. Àwọn obìnrin wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyàwó, aṣọ ìkélé sì wà láàárín.

Lèmọ́mù rán ẹlẹ́rìí méjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́.

"Lùbàbà ọmọ Gàní. Bàbá rẹ fẹ́ fi ọ́ fún Nàjíbù. Ṣé o yọ̀ǹda? Bí ojú bá ń tì ọ́, dákẹ́. Ìdákẹ́ ọmọge ni ìyọ̀ǹda rẹ̀. A ó kàn ka ìdákẹ́ rẹ sí bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn àgbà ti ń mi orí. Lèmọ́mù ti ṣí ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ wáàsí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Zongo, ọmọge kan kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"Mi ò ní dákẹ́," ni Lùbàbà wí láti inú yàrá. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kò gbọ̀n mọ́. "Mo gbà á. Mo mọ ohun tó ṣe, mo sì gbà á. Ẹ kọ ọ́ pé mo sọ ọ́ lẹ́nu mi."

Ẹlẹ́rìí wo lèmọ́mù. Lèmọ́mù wo Àlájì Gàní.

"Ẹ ti gbọ́ ọ," ni Àlájì wí. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn náà lèmọ́mù yí sí ọkọ ìyàwó, ó bi òun náà. Nàjíbù lè rọra sọ pé òun gbà, kó tó lèmọ́mù nìkan létí. Ó gbé orí sókè sí aṣọ ìkélé, ó sì sọ ọ́ sókè, kí yàrá lè gbọ́.